Ẹ Yéé Gbé Bírò Wá Fún Àdúrà, Orí Kọ̀ǹpútà Ni Ọmọ Yín Ti Máa Ṣe JAMB

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí gùn díẹ̀, kò sì ní dùn létí gbogbo ènìyàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìparí kí ẹ tó bá mi jà. Ẹni tó bá kà á tán tó ṣì fẹ́ jà, ààyè wà nísàlẹ̀ fún un.

Àsìkò JAMB tún ti ń sún mọ́lé. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tó bá ti di àsìkò yìí. Wọ́n á kéde àkànṣe ìṣọ́ òru fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n á ní kí òbí mú bírò wá. Màmá kan á mú mẹ́ta wá, òmíràn á ra odindi páálí. Wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ sórí pẹpẹ, wọ́n á da òróró sí i, ìjọ á pariwo "Fáyà!", pásítọ̀ á ní bírò yìí kò ní ṣi ìdáhùn kọ láéláé. Tí ilẹ̀ bá mọ́, òbí á fi aṣọ funfun wé bírò náà fún ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan ṣoṣo. TA LÓ Ń FI BÍRÒ KỌ JAMB?

Láti ọdún 2013 ni JAMB ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo kọ̀ǹpútà fún ìdánwò wọn. Nígbà yẹn, wọ́n ṣì ń lo ìwé pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 2015, gbogbo rẹ̀ ti di orí kọ̀ǹpútà pátápátá. Èyí tó tiẹ̀ wá ya ni lẹ́nu jù ni pé bírò wà lára àwọn nǹkan tí JAMB kà léèwọ̀ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, bí wọ́n ṣe ka fóònù àti aago ọwọ́ léèwọ̀. Ìyẹn ni pé bírò tí a fi odindi òru gbàdúrà sí, ẹnu géètì ló máa kù sí. Òróró wà lára bírò, bírò wà níta, ọmọ wà nínú ilé níwájú ohun tí kò fọwọ́ kàn rí.

Kí ẹnikẹ́ni má lọ sọ pé pásítọ̀ ní ká má gbàdúrà mọ́. Àdúrà ni mo fi ń jẹun, àdúrà ni mo fi ń sùn, mo sì gbàgbọ́ pé Ọlọ́run ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé a ń gbàdúrà sí ohun tí ọmọ kò ní lò, a ò sì kọ́ ọ ní ohun tó máa lò. Ẹ má pe ìyẹn ní ìgbàgbọ́. Ọ̀lẹ ni, a kàn wọṣọ ẹ̀mí fún un ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ yìí pọ̀. Ìbéèrè 180 ni ọmọ máa dáhùn ní JAMB: 60 fún èdè Gẹ̀ẹ́sì, 40-40 fún iṣẹ́ mẹ́ta yòókù. Wákàtí méjì ni wọ́n fún un. Ẹ pín in. Ìṣẹ́jú àáyá 40 péré ló wà fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Nínú ìṣẹ́jú àáyá 40 yẹn, ó máa ka ìbéèrè, ó máa ronú, ó máa mú ìdáhùn, ó sì máa kọjá sí èyí tó kàn. Ọmọ tó ti mọwọ́ ẹ̀rọ, ìrònú nìkan ló máa ná àkókò rẹ̀ lé lórí. Ọmọ tí kò mọwọ́ ẹ̀rọ máa ná ìdajì àkókò rẹ̀ níbi tó ti ń wá máọ̀sì tó sá lọ lórí ojú kọ̀ǹpútà. Àwọn méjèèjì lè ní ọpọlọ kan náà. Wọ́n lè jọ ka ìwé kan náà. Èsì wọn kò lè dọ́gba.

Àwọn JAMB fúnra wọn mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ kò mọ máọ̀sì lò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe é kí ọmọ lè fi lẹ́tà mẹ́jọ péré ṣe gbogbo ìdánwò náà láìfọwọ́ kan máọ̀sì. A, B, C àti D ni láti mú ìdáhùn. N ni láti lọ síwájú. P ni láti padà sẹ́yìn. S ni tó bá ti parí tó fẹ́ fi ránṣẹ́, R sì ni tó bá yí ọkàn padà pé òun kò tíì parí. Ó tán. Lẹ́tà mẹ́jọ! Ọ̀sán ọjọ́ kan ti tó kọ́ ọmọ ní èyí. Ṣùgbọ́n mélòó nínú ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí ló mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀? Ẹ bi ọmọ yín lálẹ́ òní bóyá ó mọ iṣẹ́ lẹ́tà R. Ẹ̀rù máa bà yín.

Ohun tó ń dun èmi nìyí. Kíbọ́ọ̀dù wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹ ò gbàgbé. Kíbọ́ọ̀dù olówó ńlá tí a fi ń kọrin ìyìn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ọn, gbogbo ìjọ á máa pàtẹ́wọ́, ìyá rẹ̀ á máa sunkún ayọ̀. Ta ló kọ́ ọ? Àwa ni. A ra á, a jókòó tì í, a ní kó tún un tẹ̀, ó ṣì í tẹ̀ nígbà ẹgbẹ̀rún kí ó tó mọ́ ọn. A mọ̀ pé òróró nìkan kò lè kọ́ni ní kíbọ́ọ̀dù. Kí ló wá dé tí a fi rò pé òróró nìkan máa kọ́ni ní kíbọ́ọ̀dù ti kọ̀ǹpútà?

Màmá kan nínú ìjọ wa tó ń ta èlùbọ́ sọ fún mi pé ayé ló ṣe ọmọ òun. Ọmọ náà mọ ìwé, àwọn tíṣà rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Ó dé gbọ̀ngàn ìdánwò, ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn lójijì, ọmọ kò mọ̀ pé kí òun kàn fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù ni, iná á padà wá. Ó rò pé òun ti ba nǹkan olówó jẹ́. Ẹ̀rù bà á, kò lè pe ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ẹni tó ń bójú tó wọn máa fi rí i, àkókò ti lọ. Màmá yìí ti ń gbààwẹ̀ lórí àwọn ará ilé bàbá ọmọ. Mo ní, "Mọ̀mí, ẹ fi àwọn ará ilé sílẹ̀. Kò sí àjẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọjọ́ ìdánwò ni ọmọ yín kọ́kọ́ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà." Ẹ̀yin ará, mélòó nínú ọ̀tá tí a ń fi àdúrà lé ni kì í ṣe ènìyàn rárá, tó jẹ́ àìmọ̀ lásán?

Àwọn kan máa sọ pé, "Pásítọ̀, iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ nìyẹn. Iṣẹ́ ìjọba ni. Iṣẹ́ ilé-ìwé ni." Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ibi tí a ti wá.

Ta ló mú ìwé kíkà wá sílẹ̀ Yorùbá? Ọmọ Òṣogùn ni Àjàyí Crowther. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, wọ́n gbà á sílẹ̀ lórí omi, ó dé Sierra Leone, ọwọ́ àwọn oníwàásù ló sì ti kọ́ ìwé kíkà. Nígbà tó padà wá sílẹ̀ wa, ìhìnrere ló mú bọ̀, ìwé náà ló mú bọ̀. Àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ kò dúró lórí ìwàásù nìkan. Ọdún 1859, Henry Townsend fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ ìwé ìròyìn jáde ní Abẹ́òkúta, ní èdè Yorùbá. Ọdún kan náà ni wọ́n ṣí CMS Grammar School ní Èkó. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni kọ̀ǹpútà ayé ìgbà náà, ọwọ́ àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ló sì wà!

Ẹ bi àwọn àgbà. Ní ìlú púpọ̀, ilé kan náà ni ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé-ìwé. Lọ́jọ́ Ìsinmi, bẹ́ńṣì yẹn ni wọ́n fi ń jọ́sìn. Lọ́jọ́ Ajé, bẹ́ńṣì kan náà ni ọmọ jókòó lé tó ń kọ́ a-b-d. Tíṣà tó ń kọ́ wọn lọ́jọ́ Ajé ló ń ka Bíbélì fún ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi. Àwọn àgbà kan nígbà náà bínú. Wọ́n ní ìwé máa sọ ọmọ di ọ̀lẹ, pé kò ní lè roko mọ́, pé kò ní bọ̀wọ̀ fágbà. Ká ní àwọn bàbá wa nínú ìgbàgbọ́ gbọ́ tiwọn, tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì láti ọjọ́ Ajé dé Àbámẹ́ta, ta ni ìbá ka Bíbélì nínú wa lónìí?

Àwa ńkọ́? A kọ́ gbọ̀ngàn tó gba ẹgbẹ̀rún ènìyàn. A ní jẹnẹrétọ̀. Àwọn míì ti ra sólà. Ojú ẹ̀rọ ńlá tí a fi ń gbé orin sókè wà lára ògiri. Àwọn ọ̀dọ́ tó ka iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì ń jókòó láìríṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ akọrin. Gbogbo rẹ̀ pé, páádì la fi tì í láti ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì. Iná ń bẹ nínú ilé Ọlọ́run, ọmọ ìjọ ń fi iná fóònù kàwé nílé. Àwọn bàbá wa ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹ wo gbọ̀ngàn yín dáadáa. Ilé la kọ́. Ọmọ ńkọ́?

Sátánì kò tilẹ̀kùn tirẹ̀ o. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ nípa àwọn ọmọ Yahoo. Ẹ rò pé ojú oorun ni wọ́n ti kọ́ ọ? Wọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní HK. Wọ́n máa ń gba ilé, wọ́n á ra jẹnẹrétọ̀, wọ́n á ra dátà, wọ́n á kó ọmọdékùnrin jọ, ọ̀gá kan á máa kọ́ wọn láti àárọ̀ dalẹ́. EFCC ti ya wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ wo nǹkan ìtìjú: olè ń pèsè tíṣà, ó ń pèsè iná, ó ń pèsè kọ̀ǹpútà, kó lè sọ ọmọ di olè. Àwa tí a ní ìmọ́lẹ̀ ayé, àkọlé la fi sẹ́nu géètì pé "Ìpàdé yóò wáyé lọ́jọ́ Ìsinmi."

Ẹlòmíràn á ní, "Ṣùgbọ́n Pásítọ̀, fóònù ń ba àwọn ọmọ wa jẹ́. Ìṣekúṣe ló kún inú rẹ̀. TikTok kò jẹ́ kí wọ́n sùn." Òótọ́ ni. Mi ò ní jiyàn. Èmi náà ń gbọ́ ẹkún àwọn òbí nínú ọ́fíìsì mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa: fóònù ti wà lọ́wọ́ ọmọ ná. Ìwọ lo rà á fún un, tàbí àbúrò rẹ, tàbí ó ń yá ti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ohun tó kù tí a lè yàn ni bóyá kó máa lò ó nínú òkùnkùn lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, tàbí kó máa lò ó níbi tí àgbà tó bẹ̀rù Ọlọ́run jókòó tì í. Ẹni tó ní kí ọmọ má fọwọ́ kàn án rárá kò dá ọmọ náà dúró. Ó kàn lé e kúrò níwájú ara rẹ̀ ni.

Ẹ lọ ka Dáníẹ́lì orí kìíní dáadáa. A fẹ́ràn láti máa wàásù nípa oúnjẹ ọba tí Dáníẹ́lì kọ̀. Kí ló dé tí a kì í wàásù nípa ìwé ọba tí kò kọ̀? Ọdún mẹ́ta ni wọ́n là sílẹ̀ fún un láti kọ́ èdè àti ìwé àwọn ará Kálídéà. Ìlú abọ̀rìṣà ni Bábílónì, ìwé wọn kì í ṣe ìwé Mósè. Dáníẹ́lì jókòó, ó kọ́ ọ. Lẹ́yìn tó kọ́ ọ tán, tó dúró níwájú ọba, ìgbà náà ni ọba rí i pé ó fi ìlọ́po mẹ́wàá sàn ju àwọn yòókù lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń kígbe "ìlọ́po mẹ́wàá" lórí ọmọ yín, ọdún mẹ́ta ìkẹ́kọ̀ọ́ dà? DÁNÍẸ́LÌ KỌ OÚNJẸ ỌBA, KÒ KỌ ÌWÉ ỌBA. Kọ́ ọmọ rẹ kó mọ ìyàtọ̀ méjèèjì nínú fóònù: oúnjẹ tí kò gbọdọ̀ jẹ, àti ìwé tí kò gbọdọ̀ máà kà.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mo fẹ́ fọwọ́ bà, torí ó ti wọ inú ilé gbogbo wa. Ìparí 2022 ni ChatGPT jáde; ní báyìí, ọmọ lè ya fọ́tò iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀, kí ẹ̀rọ sì dáhùn gbogbo rẹ̀ kí ìyá tó rokà tán. Òbí á rí mẹ́wàá nínú mẹ́wàá, á ní "Ògo ni fún Ọlọ́run, ọmọ mi ti ń mọ̀wé." Ògo kankan kò sí níbẹ̀. Ẹ̀rọ ló gba mẹ́wàá, ọmọ rẹ kò gba nǹkan kan. Lọ́jọ́ JAMB, fóònù máa dúró sẹ́nu géètì níbi tí bírò dúró sí, ọmọ á wá wọlé pẹ̀lú orí tó ṣófo. (Ẹ̀yin pásítọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń ní kí ẹ̀rọ kọ ìwàásù fún yín lálẹ́ Àbámẹ́ta, ẹ má rẹ́rìn-ín. A mọ ara wa.)

Ṣùgbọ́n ṣé ẹ̀rọ yìí náà ni ọ̀tá? Ẹ gbọ́ èyí. Ní 2024, Báńkì Àgbáyé ṣe ètò kan ní Benin City, ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, nítòsí wa níbí. Wọ́n mú àwọn ọmọ kíláàsì àkọ́kọ́ ní girama àgbà, wọ́n ní kí wọ́n máa dúró lẹ́yìn ilé-ìwé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí wọ́n máa fi irú ẹ̀rọ yìí kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì nínú yàrá kọ̀ǹpútà. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, wọ́n sàn ju àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò sí níbẹ̀ lọ gidi gan-an, àwọn tó sì wá déédéé ló jèrè jù. Kí ni àṣírí rẹ̀? Tíṣà wà nínú yàrá náà. Ọmọ méjì-méjì ló jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kan. Tíṣà ló ń sọ ohun tí wọ́n máa bi ẹ̀rọ, tíṣà ló ń yẹ̀ ẹ́ wò, tíṣà ló ń ní kí wọ́n ronú sí i. Ẹ̀rọ kan náà tó ń sọ ọmọ rẹ di òpè nílé ló ń sọ ọmọ ẹlòmíràn di ọlọ́gbọ́n níbẹ̀. Àgbà tó jókòó tì í ni ìyàtọ̀.

Ohun tí ìjọba Ọ̀ṣun rí nìyẹn nígbà tí wọ́n gbé Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ jáde ní 2013, ní àkókò Gómìnà Aregbesola. Wọ́n fi ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá sínú ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan fún àwọn ọmọ girama, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì láti kà á. Orúkọ gidi, èrò gidi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í dá kọ́ ọmọ. Ó ń fẹ́ iná, ó ń fẹ́ ẹni tó lè tún un ṣe, ó ń fẹ́ ẹni tó máa bi ọmọ pé, "Kí lo kà lánàá?" Ìjọba lè pín ẹ̀rọ. Ta ló máa bi ọmọ ní ìbéèrè yẹn ní àdúgbò rẹ? Ìwọ tí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ wà ní òpópónà kan náà ńkọ́?

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á dìde pé, "JAMB tí ẹ ń sọ yìí, ṣé ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé? Ẹ rántí 2025." Mo rántí rẹ̀ dáadáa. Ó lé ní mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ ọmọ tí èsì wọn kò tó 200 nínú 400. Ẹkún gba ìlú. Àwọn kan ní ọmọ ìsinsìnyí kì í kàwé. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Oloyede, tó jẹ́ olórí JAMB nígbà náà, jáde síta pé àṣìṣe wà nínú iṣẹ́ wọn, ó sì sunkún lójú gbogbo ayé. Àwọn ọmọ 379,997, ní Èkó àti ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ìgbò, ni wọ́n ní kí wọ́n tún ìdánwò ṣe.

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀rọ lè ṣi ènìyàn jẹ. Ṣùgbọ́n ta ló pariwo tí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò? Àwọn ọmọ àti òbí tó mọ ohun tí wọ́n ṣe ni. Ọmọ tó ti dán ìbéèrè wò lórí kọ̀ǹpútà nígbà ogún, tó mọ iye tó máa ń gbà, á sọ pé, "Rárá o, èsì mi kọ́ nìyí." Ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n rárá á gbà pé òun ló kùnà. Ìyá rẹ̀ á sì gbà pé ayé ni. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ló ń mọ̀ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ìdí mìíràn nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ kọ́ wọn.

Mo tún fẹ́ sọ ọ̀kan, ọ̀kan yìí á ro àwọn kan lára. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń sanwó fún "special centre" kí ẹnìkan lè bá ọmọ yín ṣe ìdánwò, tí ẹ wá ń gbé e wá sórí pẹpẹ bí ẹ̀rí ọpẹ́: ẸSẸ̀ NI. Ẹ má da òróró lé olè lórí. Ọlọ́run kì í lọ́wọ́ sí màgòmágó. Owó tí ẹ fún àwọn yẹn, ó tó ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí ọmọ yín máa fi kọ́ṣẹ́ ọdún mẹ́ta. Ọmọ tí wọ́n bá jí àyè fún máa dé yunifásítì, kò ní mọ ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ta lẹ tún máa sanwó fún nígbà yẹn?

Ó tó báyìí lórí ìbínú. Kí la máa ṣe?

Ìkíní, ẹ ṣí ilẹ̀kùn. Kò pọn dandan ká ní ilé ńlá. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ márùn-ún, tábìlì méjì, wákàtí méjì lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Ìbéèrè àtẹ̀yìnwá wà tí a lè kó sínú kọ̀ǹpútà tí ọmọ á máa ṣe láìsí dátà. Tí wọ́n bá ní kò sówó, ẹ wo iye tí ìjọ ná lórí àsíá, aṣọ ẹgbẹ́ àti hòtẹ́ẹ̀lì àwọn àlejò ní àyájọ́ ọdún tó kọjá. Ẹ wá sọ fún mi pé kò sówó.

Ìkejì, ẹ lo àwọn ọ̀dọ́ yín. Ọmọ tó ka kọ̀ǹpútà tó ń jókòó sílé, ẹ fún un níṣẹ́ yìí, kí ẹ sì fún un lówó ọkọ̀. Ẹ má sọ pé "Ọlọ́run á san án fún ẹ" nígbà tí ẹ lè san án.

Ìkẹta, kí àgbà kan máa wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Ọmọ kan kò gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú ẹ̀rọ nínú yàrá títì. Ojú ẹ̀rọ gbogbo gbọ́dọ̀ kọjú sí ibi tí àgbà ti lè rí i.

Ìkẹrin, òfin ChatGPT: ọmọ á kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ sínú ìwé, á kọ ìdáhùn tirẹ̀ sílẹ̀, lẹ́yìn náà ló tó lè bi ẹ̀rọ pé, "Níbo ni mo ti ṣì í? Ṣàlàyé rẹ̀ fún mi." Kó tún ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹlòmíràn lẹ́nu ara rẹ̀. Tí kò bá lè ṣàlàyé rẹ̀, kò tíì mọ̀ ọ́n.

Ìkarùn-ún, ẹ má bi ọmọ léèrè ẹ̀sìn lẹ́nu ọ̀nà. Tí ọmọ Àlhájà tó wà lódìkejì títì bá wá, ẹ fún un ní àga. Àwọn tó ṣí ilé-ìwé fún wa láyé ọjọ́un kò kọ́kọ́ bi àwọn bàbá wa bóyá wọ́n ti ṣèrìbọmi.

Ìkẹfà, ẹ̀yin màmá àti bàbá, ẹ wá jókòó lẹ́yìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ kọ́ bí ẹ ṣe máa fi fóònù yín wo èsì ọmọ yín fúnra yín, kí ọmọ inú káfẹ́ má máa pa irọ́ fún yín, kí ó má sì di ọ̀gá lórí ọjọ́ ọ̀la ọmọ yín.

Ẹ má rò pé JAMB nìkan ló kàn. WAEC ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìdánwò lọ sórí kọ̀ǹpútà fún àwọn tó ń forúkọ sílẹ̀ fúnra wọn láti 2024, ìjọba sì ti kéde pé ti àwọn ọmọ ilé-ìwé náà ń bọ̀. Bírò ń kógbá sílé díẹ̀díẹ̀ nínú ìdánwò orílẹ̀-èdè yìí, ìbáà dùn mọ́ wa, ìbáà má dùn mọ́ wa.

Ní ti ìjọ tí Ọlọ́run fi mí ṣọ́, ohun tí a máa ṣe nìyí. Ìṣọ́ òru àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa wáyé. A máa gbàdúrà, iná á sì sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní gba bírò kankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí alẹ́ yẹn tó dé, mo fẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti jókòó ṣe ìdánrawò márùn-ún pérépéré lórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀ṣì, wákàtí méjì-méjì, ìbéèrè 180. Orí tó ti ṣiṣẹ́ ni mo fẹ́ gbé ọwọ́ lé, ìka tó ti mọ̀nà ni mo fẹ́ da òróró sí. Ọmọ tí kò bá lè wá, mi ò ní lé e, n óò gbàdúrà fún un. Òbí rẹ̀ ni màá pè sọ́fíìsì.

Olúwa kò ní jẹ́ ká fi àìmọ̀ pa ògo àwọn ọmọ wa. Ọwọ́ wọn á ran, ojú wọn á là, ìgbàgbọ́ wọn kò ní yẹ̀. Nínú orúkọ Jésù. Ẹ ṣe àmín tó gbóná.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó mọ kọ̀ǹpútà, tó lè fún wa ní wákàtí méjì lọ́sẹ̀, ẹ kọ orúkọ yín sísàlẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ tí kò lò mọ́, ẹ gbé e wá. Ẹ̀yin yòókù, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí pásítọ̀ yín lórí WhatsApp. Tó bá bínú, ẹ ní èmi ni mo rán yín.